Ẹ̀wù Òtútù Láti Missèbo

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Roissy, lẹ́bàá Paris. Mo wọ kóòtù àti ṣòkòtò tí télọ̀ kan ní Ikpinlè rán fún mi nítorí ìrìn-àjò náà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo so táì mọ́ ọrùn, bàtà aláwọ mi sì ń dán bí dígí. Lójú ara mi, mo ti múra tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo fẹ́ lọ kí ní Lille ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé kí n wá ẹ̀wù òtútù gidi, ṣùgbọ́n mo rò pé àsọdùn ẹni tí ó ti pẹ́ ní ìlú òyìnbó ni. Ṣé èmi tí a bí sí Tatonnonkon ni kò mọ ọyẹ́? Ṣé èmi kò jí lọ sí oko rí ní òwúrọ̀ oṣù ọ̀pẹ, tí eyín ń gbá ara wọn, tí ìyá wa á sì máa fi òrí pa ètè wa kí ó má baà sán?

Ọyẹ́ ni mo mọ̀. N kò mọ òtútù. Níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Lille, mo dúró de bọ́ọ̀sì fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú péré. Mo fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi, ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ó tún bọ́. Ẹsẹ̀ mi nínú bàtà dídán yẹn dà bí igi. Ìyá àgbàlagbà kan tí òun náà ń dúró de ọkọ̀ wo bàtà mi, ó wo ojú mi, ó mi orí, ó sì tú ìborùn irun àgùntàn tí ó wé mọ́ ọrùn, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní kí n dá a padà nígbà tí ọkọ̀ dé, ó kọ̀. Ìborùn náà wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ó wà nísinsìnyí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ ra ẹ̀wù àwọ̀lékè kan ní 120 yúrò. Yúrò kan jẹ́ 655,957 fránkì sẹ́fà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ju 78 000 fránkì lọ. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀bùn bọ̀ fún ará ilé ni mo gbé wọ̀ sọ́rùn. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo padà dé, mo ń kọjá ní Missèbo ní Kutọnu, mo rí ẹ̀wù kan tí ó jọ tèmi bí ìbejì, kólà kan náà, bọ́tìnnì kan náà, wọ́n fi kọ́ sókè níwájú ìsọ̀. Ọlọ́jà ní kí n mú 5 000 wá.

Nítorí ẹ̀wù yẹn ni mo ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin gba ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Faransé. Físà rẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde, ó di oṣù ọ̀pẹ, nítorí náà inú oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ó máa balẹ̀, nígbà tí òtútù le jù. Àwọn òbí rẹ̀ ti ta àgbàdo, wọ́n ti ta epo, wọ́n ti yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ èésú kí tíkẹ́ẹ̀tì tó pé. Ohun tó kù fún aṣọ jẹ́ 30 000 fránkì. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi kú sí ìlú onílùú.”

Irú òtútù tí à ń bá jà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọyẹ́ tiwa gbẹ. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú eruku, ó ń la ètè àti gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ dé àtàrí, agbára rẹ̀ ti tán. Ó ṣọ̀wọ́n kí òru Kutọnu tutù ju 20°C lọ. Ní Paris tàbí Lille, nǹkan bí 5°C ni oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà, tọ̀sán-tòru. Oòrùn lè yọ kí ó má mú ara ẹnikẹ́ni gbóná, òjò wẹ́wẹ́ àti afẹ́fẹ́ sì tún ń bá a rìn. Strasbourg tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí 5°C ti rí, kí ó lọ bá ẹni tí ń ta omi tútù ní ọjà Ikpinlè, kí ó tọrọ àyè, kí ó ki apá bọ inú fírìjì rẹ̀ dé èjìká. Inú fírìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò ju 4 tàbí 5°C lọ. Ibi tí à ń gbé omi mímu sí ni ọmọ yín fẹ́ lọ gbé títí di oṣù kẹta. Ti Montréal, níbi tí àwọn ọmọ Benin kan náà ń lọ kàwé, kọjá èyí: nǹkan bí ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo ni oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ níbí tó fún ilẹ̀ Faransé àti Belgium. Ẹni tí ń lọ sí Kánádà, kí ó kà á, kí ó sì tún bi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ léèrè.

Kì í ṣe orí tiwa ni òtútù yìí ti kọ́kọ́ sọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ìjọba Faransé kó àwọn ọmọ Dahomey, bí a ti ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn, lọ sí ojú ogun ní Yúróòpù. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, dìde sí ìjọba amúnisìn ní àwọn ọdún ogun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni wọ́n rí kó lọ. Òtútù dà wọ́n láàmú débi pé bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́, wọ́n á kó wọn kúrò lójú ogun lọ sí Fréjus àti Saint-Raphaël, ní etí òkun gúúsù. Hivernage ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, àwọn ọ̀gágun kó wọn wá sí Chemin des Dames nígbà tí òtútù kò tíì lọ. Yìnyín bọ́ lù wọ́n. Ìka tí ó ti kú kò lè di ìbọn mú. Blaise Diagne, aṣojú Senegal ní ilé aṣòfin Paris, bínú sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ilé náà lọ́dún yẹn gan-an. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo rántí fóònù mi tí ó bọ́ sílẹ̀ ní Lille, mo sì dẹ́kun fífi ara mi ṣẹ̀sín.

Kí ni aṣọ wá ń ṣe? Aṣọ kò ní iná nínú. Ara wa ni ó ní iná, 37°C ni. Iṣẹ́ aṣọ kò ju kí iná náà má sá lọ. Ẹ wo adìyẹ ní òwúrọ̀ ọyẹ́: á fẹ ìyẹ́ rẹ̀ títí á fi rí bọ̀ǹbọ̀ bí ẹni tí ó sanra lójijì. Afẹ́fẹ́ ni ó ń há mọ́ àárín ìyẹ́, afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra fi lè gbóná ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ. Ó sì ní àǹfààní kejì: inú ilé àti kíláàsì wọn gbóná, ẹni tó wọ ẹyọ kan tó nípọn á máa làágùn níbẹ̀, ẹni tó wọ mẹ́ta á bọ́ méjì sílẹ̀.

Èyí tí ó kan ara ní láti mọ́ ara, kí ó má sì máa gba òógùn dúró. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, irun àgùntàn tàbí aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n ń pè ní polaire, ni ó ń pa ooru mọ́. Èyí tó wà lókè pátápátá ń dènà afẹ́fẹ́ àti òjò. Ọ̀rọ̀ òwú ni yóò dun àwa ọmọ Benin, nítorí orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí ń pèsè òwú jù lọ ní Áfíríkà. Òwú dára nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu òógùn tàbí òjò, kì í tètè gbẹ, omi inú rẹ̀ á sì máa fa ooru ara lọ. Irun àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ tutù díẹ̀, ó ṣì ń mú ara gbóná. Kíjìpá àti òfì tí àwọn àgbà wa fi ń bora nígbà ọyẹ́, òwú ni wọ́n. Ẹ mú òfì lọ fún ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé a ní aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e ní ibùdókọ̀. Jíìnsì náà, òwú ni. Ọmọ àbúrò mi di mẹ́rin sínú àpò, mo ní kí ó yọ méjì. Ó fajú ro, ó yọ ọ́.

Ní Missèbo

Ọjà aṣọ àlòkù ni Missèbo, kò jìnnà sí Dantokpa. Àwọn ọmọ Ìgbò láti Nàìjíríà pọ̀ lára àwọn ọlọ́jà ibẹ̀. Nàìjíríà fòfin de gbígbé aṣọ àlòkù wọlé, èyí sì wà lára ohun tó sọ Kutọnu di ojúkò òwò náà. Aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń dì ní bélì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Ní Ghana, obroni wawu ni orúkọ tí wọ́n fún un, èyí ni pé òyìnbó ti kú, nítorí ẹnu ya àwọn ènìyàn pé ẹni tó wà láàyè lè kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dànù. Aṣọ ìgbà òtútù wà láàárín wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlú tí wọ́n kó o wá kò ní ìgbà òtútù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kéré: àwọn awakọ̀ zémídján tí ń wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ òjò, àwọn ìyálọ́mọ tí ń wá fìlà irun àgùntàn fún ìkókó. Nítorí náà owó rẹ̀ kì í ga. Ẹ má lọ nígbà òjò tàbí nínú ọyẹ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Inú ooru oṣù kẹta, nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ fojú rí i, ni ọlọ́jà máa ń bẹ ẹni kí ó gbé e lọ. Àwa kò ní àyè yẹn, oṣù ọ̀pẹ ni a lọ.

A tètè dé kí àwọn èrò tó pọ̀. Mo kọ́ ọmọ náà láti ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ, nítorí òun gbọ́ Faransé jù mí lọ: laine ni irun àgùntàn, coton ni òwú, duvet ni ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ wẹ́wẹ́. Púlù kan wà tí ó nípọn bí ẹní, tí ó pọ́n dáadáa, ó fẹ́ràn rẹ̀. A ka inú rẹ̀, acrylique ni láti òkè délẹ̀, kò sí àgùntàn tó mọ̀ nípa rẹ̀. A fi sílẹ̀. Púlù mìíràn, fẹ́lẹ́, aláwọ̀ eérú tí kò wu ẹnikẹ́ni, ní irun àgùntàn 80 nínú ọgọ́rùn-ún. A gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bóyá kòkòrò ti lu ú. Kò lu ú. 2 000 fránkì.

Fún ẹ̀wù àwọ̀lékè, mo ní kí ó wọ púlù àti polaire sára kó tó dán an wò. Ọlọ́jà ń rẹ́rìn-ín wa nínú ooru yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tó bá ṣe rẹ́gí lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan kò ní gba aṣọ mẹ́ta lábẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bo ìdí, kí ó ní fìlà tirẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, kí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ doudoune, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí tó wú padà ṣì dára, èyí tó dúró ní pẹlẹbẹ ti kú. Ẹ da omi díẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi á yí dànù tàbí ó máa wọlé. Ẹ gbóòórùn abẹ́ apá rẹ̀, kí ojú má tì yín. Ẹ̀wù tí a mú jẹ́ 6 000 lẹ́yìn tí a ti nájà títí. Polaire méjì, 3 000. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ó gùn dé ìbàdí, tí a ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò, méjì, 2 000. Fìlà àti ìbọ̀wọ́, 1 000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14 000 fránkì. Ìborùn kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo yọ tèmi nínú àpótí, tí ìyá àgbà ti Lille fún mi, mo fi wé e lọ́rùn.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ tú ẹrù wò, ó sì dákẹ́. Mo mọ ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, obìnrin yìí sì ti ta epo rẹ̀ kí ọmọ lè lọ. Kò fẹ́ kí ó dé àárín àwọn ọmọ òyìnbó pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti bọ́ dànù. N kò bá a jiyàn. Mo sọ ìtàn Emmaüs fún un. Àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Abbé Pierre ni ó dá a sílẹ̀ ní 1949. Ní ìgbà òtútù 1954, òtútù pa obìnrin kan sí ojú pópó ní Paris, ìwé tí wọ́n fi lé e kúrò nílé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Abbé Pierre ké gbàjarè lórí rédíò, àwọn ará ìlú sì gbé ìbora àti ẹ̀wù wá lọ́pọ̀ yanturu. Títí di òní, ilé ìtajà aṣọ àlòkù Emmaüs wà káàkiri ilẹ̀ Faransé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Croix-Rouge àti Secours populaire. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rà níbẹ̀, tíṣà ń rà níbẹ̀, ẹni tó ní mọ́tò ń gbé mọ́tò lọ síbẹ̀. Ọmọ òyìnbó tó máa jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì lè ti ra tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyá náà ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ni yóò fọ̀ wọ́n. Ó fi omi gbígbóná fọ èyí tó lè gbà á. Púlù irun àgùntàn ni mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi omi tútù fọ̀, nítorí omi gbígbóná á sọ ọ́ di aṣọ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó sá gbogbo rẹ̀ sí oòrùn fún ọjọ́ méjì.

Àpò kan, kílò 23

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí. Kílò 23 ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbà fún àpò kan, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyá ti di gàrí, ata gígún, ẹ̀gúsí, epo pupa nínú ìgò mẹ́ta, pẹ̀lú ẹran gbígbẹ tí ó fi ewé dì. Bí a ti gbé àpò náà sórí ìwọ̀n, aṣọ kò tíì wọlé, ó ti ń lọ sí 20. A kọ́kọ́ yọ ẹran, nítorí òfin Yúróòpù kò gba arìnrìn-àjò láyè láti gbé ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á. Ìgò epo méjì tẹ̀ lé e. Gàrí dúró. Ẹni tí kò tíì gbé ilẹ̀ òkèèrè kò mọ ohun tí gàrí ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí òwò kò sí lọ́wọ́.

Ẹ̀wù tó wúwo jù kò gbọ́dọ̀ wọ àpò. Ó fà á kọ́ apá ní pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, òógùn ń dà, àpò ẹ̀wù náà sì kún fún ìbọ̀wọ́, fìlà àti wáyà fóònù. Polaire kan wà nínú àpò ọwọ́, nítorí àpò ńlá lè ṣìnà kí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Polaire kejì, a dì í sínú ọ̀rá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó lé e títí afẹ́fẹ́ fi jáde, a sì so ó. Òrí, a fi agolo kékeré kan sí i. Òtútù tiwọn náà ń la ọwọ́ àti ètè.

Bàtà nìkan ni a kò rà ní Missèbo. Bàtà tó bá fún mọ́ ìbọ̀sẹ̀ nípọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ inú rẹ̀ á sì tutù ju ti ẹni tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ. Àlòkù tí ó bá ẹsẹ̀ mu, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, a wá a títí, a kò rí i. Ó wọ bàtà eré ìdárayá rẹ̀ tí ó bo ẹsẹ̀, a sì pa 16 000 tó kù mọ́, yúrò 24 àti díẹ̀, kí ó fi ra ti òtútù níbẹ̀. Oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń bẹ̀rù ní oore kan: ìgbà yẹn ni soldes ìgbà òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni òfin wọn fún un, ọjà tuntun pàápàá á wá sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ ní oṣù kọkànlá kò ní rí èyí, ilé aṣọ àlòkù ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ó pè wá lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba fóònù, ó bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá gàrí dé láyọ̀. Nígbà tí ó kàn mí, ó ní ara òun gbóná, ó ní ẹlẹ́gbẹ́ òun kan láti Parakou ń wọ jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì, òun sì ti yá a ní polaire kan. Ọjọ́ Sátidé ni ó rí bàtà ní Emmaüs, 8 yúrò, ó tóbi díẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ méjì wọ inú rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n Bàbá,” ó ní, “síìpù ẹ̀wù yẹn ti já.” Lọ́jọ́ kejì tó dé ni ó já, níwájú yunifásítì, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. A wo kólà, a wo abẹ́ apá, a da omi sí i, a gbóòórùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò fa síìpù náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán bọ́tìnnì ńlá mẹ́rin sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n fa síìpù lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì mú abẹ́rẹ́ dání nínú àpò ńlá.